Èsì: Owó gbà-máà-bínú fún àbúrò tó já bọ́ níbi iṣẹ́

Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní àbúrò yín já látorí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń kọ́, kò mọ̀ bí wọ́n bá fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, ọ̀gá rẹ̀ sì fẹ́ fi owó díẹ̀ dí yín lẹ́nu. Ẹ má tíì tọwọ́ bọ̀wé kankan o! Bí ẹsẹ̀ ò bá mọ nǹkan kan mọ́ lẹ́yìn irú ìṣubú báyìí, ó lè jẹ́ okùn iṣan inú ọ̀pá ẹ̀yìn ló fara pa, ìyẹn kì í sì í jinná bí egungun ṣe ń jinná. Ìtọ́jú ìtọ̀ àti egbò ìdùbúlẹ̀ nìkan, ìnáwó ọjọ́ pípẹ́ ni.

Òfin owó gbà-máà-bínú òṣìṣẹ́ ti Nàìjíríà, ti ọdún 2010, ní kí ẹ fi ìjàǹbá náà tó ọ̀gá létí láàárín ọjọ́ 14, kí òun náà fi tó NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó náà, létí láàárín ọjọ́ 7. Kí ọdún kan tó pé, ẹ ti gbọ́dọ̀ béèrè owó náà. Ẹ tọ́jú ìwé dókítà, kí ẹ sì gba nọ́ńbà àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó tú ká.