Ṣé sìgá ń la iyè ẹni tó ń há Alùkùránì?

Ìbéèrè: Àsàlámù àlékúmù, Aáfà wa. Mò ń há Alùkùránì sórí, mo sì tún wà ní yunifásítì. Tí n ò bá tíì fa sìgá kan, nǹkan kì í wọ̀ mí lórí. Kì í da orí ẹni rú bí ọtí. Ṣé eewọ̀ náà ni?

Ìdáhùn: Wa àlékúmù sálámù. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìrànlọ́wọ́ tí o ní ó ń ṣe fún ọ, torí òun ni àwíjàre rẹ dúró lé.

Níkótíìnì, èròjà inú tábà tó ń di bárakú, tó wà nínú èéfín kì í ju bí ìṣẹ́jú àáyá 20 lọ kó tó dé ọpọlọ. Á tú dopamine, èròjà ọpọlọ tó ń mú inú ẹni dùn, sílẹ̀ níbẹ̀, ara á yá, ojú á là. Tó bá tó bíi wákàtí 2, ìdajì rẹ̀ ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ tó ti mọ́ lára á máa béèrè rẹ̀. Ìgbà yẹn ni inú ń bí ọ, tí ẹsẹ tí o há lánàá ń sá mọ́ ọ lórí. Sìgá mìíràn kàn dá ọ padà síbi tí ẹgbẹ́ rẹ tí kò fà á rí wà látàárọ̀ ni. Ẹni tó kiná bọlé ẹni ló tún ń ta omi fúnni yẹn!

Ó tún ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ tó lọ sí ọpọlọ jẹ́, ó sì lè fa rọpárọsẹ̀. Wọ́n tẹ̀lé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan ní London fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àbájáde tó jáde lọ́dún 2012 fi hàn pé iyè àwọn ọkùnrin tó ń fa sìgá ń yára jó rẹ̀yìn ju ti àwọn tí kò fà á rí.

Lóòótọ́, kò sí ẹsẹ tó dárúkọ tábà. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún lẹ́yìn Híjírà ló dé ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí. Àwọn onímọ̀ ṣe àríyànjiyàn lé e: Abd al-Ghani al-Nabulsi ní Damásíkù ní kò léèwọ̀. Ohun tí a mọ̀ lónìí nípa ìpalára rẹ̀ kò tíì hàn sí wọn nígbà náà. Ọlọ́hun ní ká má fi ọwọ́ ara wa ti ara wa sínú ìparun (Súrà Bakara, 2:195). Haraamu ni mo gbà á sí, bí àwọn kan tilẹ̀ dúró lórí mákùrúù, ìyẹn ohun tí kò dára ṣùgbọ́n tí kò dé ipò èèwọ̀. Má sì tọ́ka sí aáfà àgbà tó ń fín aáṣáà fún mi. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí.

Ìrun rẹ ṣì dára, má fi sìgá kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Ànábì ní kí ẹni tó bá jẹ áyù tàbí àlùbọ́sà má sún mọ́ mọ́sálásí, torí òórùn rẹ̀. Fọ ẹnu rẹ kó o tó wá.

Tí o bá fẹ́ jáwọ́ nínú sìgá, ààwẹ̀ ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, torí fífa sìgá ń ba ààwẹ̀ jẹ́, o sì ti ń fi í sílẹ̀ látàárọ̀ di ìṣínu tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló máa ń le jù. Tí dókítà bá fún ọ ní níkótíìnì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ ara láti fi jáwọ́ nínú sìgá, ìyẹn kò ba ààwẹ̀ jẹ́. Èyí tí wọ́n ń jẹ lẹ́nu bíi ṣingọ́ọ̀mù, ó di ẹ̀yìn ìṣínu.