Kí ẹ tó pe ìlú jọ láti sọ irú ọjọ́ iwájú tí wọ́n fẹ́

Ẹ ní ìgbìmọ̀ ìlú yín, ìlú kékeré, ti yàn yín láti ṣètò bí gbogbo ará ìlú yóò ṣe jọ pinnu irú ibi tí wọ́n fẹ́ kí ìlú náà jẹ́ ní ogún ọdún sí i. Ẹ wá ń béèrè bóyá ìpàdé ńlá kan nínú gbọ̀ngàn, àti olùdámọ̀ràn kan tí yóò kọ ìwé rẹ̀, ti tó. Kò tó. Mo ti wà nínú irú ètò yìí gẹ́gẹ́ bí ará ìlú tó jókòó sẹ́yìn tó ń gbọ́ tiwọn, mo sì ti wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn tó ń darí rẹ̀. Níbi méjèèjì, kì í ṣe ọjọ́ ìpàdé ni mo ti rí i kí iṣẹ́ náà yè tàbí kó kú. Oṣù tó ṣáájú ìpàdé ni, àti ọdún tó tẹ̀ lé e.

Àwọn tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ jókòó tì ni àwọn tí àṣẹ àti owó wà lọ́wọ́ wọn: olórí ìlú, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀, àwọn ọ̀gá tó ń bójú tó ilẹ̀, ojú ọ̀nà, omi àti ìsúná. Ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ti pinnu tán tí kò ní yí padà mọ́. Ẹ bi wọ́n ní ohun tó ṣì ṣí sílẹ̀. Ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ ẹnu aráàlú ṣe nígbà tó bá dé iwájú wọn. Kí ẹ sì gba ìdáhùn náà ní kíkọ. Ohun tí ojú mi rí ló jẹ́ kí n máa tẹnu mọ́ èyí. Ìlú kan wà tí àwọn ènìyàn fi ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́ jíròrò lórí ilẹ̀ etí odò tó wà níbẹ̀. Àwọn ọmọdé ya ọgbà ìṣeré sórí bébà, àwọn àgbà ń sọ ibi tí ìjókòó máa wà, kò sì sí ẹni tó sọ fún wọn pé àwọn aláṣẹ ti buwọ́ lu ìwé títa ilẹ̀ náà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tú síta, inú bí wọn gan-an. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù ni pé nígbà tí wọ́n tún pè wọ́n lórí ọ̀rọ̀ mìíràn, wọn ò wá mọ́. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí, àwọn aláṣẹ sì ti fá ti aráàlú lẹ́yìn wọn.

Sherry Arnstein, ará Amẹ́ríkà kan, to oríṣiríṣi ìkópa aráàlú sórí àkàbà onípele mẹ́jọ ní 1969. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ibi tí wọ́n ti ń fi ọgbọ́n darí ènìyàn síbi tí aláṣẹ ti fẹ́ lọ tẹ́lẹ̀. Òkè téńté ni ibi tí àwọn aráàlú fúnra wọn ti ń pàṣẹ. Gbígba èrò ènìyàn lásán, ipele kẹrin ló fi í sí, ó sì kà á mọ́ ìkópa ojú ayé. Kò pọn dandan kí ẹ dé òkè téńté o. Ohun tó pọn dandan ni kí ẹ sọ ipele tí ẹ wà fún àwọn ènìyàn láti ọjọ́ kìíní, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà yín wálẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Ó kan àwọn tí kò ní wá. Bí ẹ bá lẹ ìkéde mọ́ ògiri, tí ẹ ṣí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn, àwọn tó máa ń wá sí gbogbo ìpàdé náà ló máa wá: àwọn onílé, àwọn àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn tó ti mọ ọ̀nà ọ̀rọ̀. Ẹ̀tọ́ wọn ni láti wá, wọ́n sì wúlò, àmọ́ àwọn nìkan kọ́ ni ìlú. Ẹ jókòó kí ẹ kọ orúkọ àwọn ẹgbẹ́ tó kù sílẹ̀. Àwọn tó ń gbé ilé àyágbé ńkọ́? Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru? Àwọn tí èdè tí ẹ fi ń ṣèpàdé kò yọ̀ mọ́ lẹ́nu? Ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́, akanda ẹ̀dá, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí yóò jẹ́ àgbà nígbà tí ogún ọdún yín bá pé? Fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ wá ẹnì kan tí wọ́n fọkàn tán, kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹ kọ́ ẹni náà bí a ṣe ń darí ìjíròrò, kí ẹ fún un ní bébà ìbéèrè, kó sì lọ ṣe é níbi tí wọ́n ti máa ń pàdé tẹ́lẹ̀, nílé ìjọsìn, níléèwé, nínú ìpàdé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ní pálọ̀ ẹnì kan. Ibi tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ jù nìyẹn. Owó tí ẹ fẹ́ ná sórí ìwé aláwọ̀ mèremère, ẹ ná an sórí ògbufọ̀, ọkọ̀ àti ẹni tí yóò bá wọn mójú tó ọmọ.

Lórí ìbéèrè tí ẹ máa bi wọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn béèrè pé “Kí lẹ fẹ́?” Ọ̀nà, omi, iná ni ẹ máa gbọ́, bí ìgbà tí ènìyàn ń ka ohun tó fẹ́ rà lọ́jà. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ irú ìlú tí wọ́n ń rí nínú ọkàn wọn. Àwọn ìbéèrè tó máa ń la ẹnu ènìyàn lójú mi ni: Kí ló wà níbí tí ẹ ò ní fẹ́ kó parẹ́? Kí ló lè mú ọmọ yín kó ẹrù kúrò níbí, kí ló sì lè mú un padà? Ìgbà wo lẹ rò ó rí pé ìlú yìí kì í ṣe tiyín? Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn nira láti béèrè, àwọn aláṣẹ kì í sì í fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ béèrè rẹ̀ náà.

Ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, ìlànà kan wà tí ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké ti lò, tó dúró lórí ìbéèrè mẹ́rin: ibo la wà báyìí, ibo la ń lọ bí a kò bá yí nǹkan kan padà, ibo la fẹ́ wà, báwo la ṣe máa débẹ̀. Ọ̀pọ̀ ètò ló ń fo ìbéèrè kejì. Ẹ má fò ó. Ẹ gbé iye ènìyàn tó ń dín kù tàbí tó ń pọ̀ sí i, owó tí ìlú ń rí, àti bí omi àti ilẹ̀ ṣe rí síwájú wọn, ní èdè tó yé ènìyàn. Àwọn aráàlú lágbára láti gbọ́ òótọ́ ju bí àwọn aláṣẹ ṣe rò lọ.

Àpẹẹrẹ tí mo máa ń tọ́ka sí ni Chattanooga, ní Tennessee. Ìlú náà tóbi ju tiyín lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá yín mu. Ní 1969, wọ́n kà á sí ọ̀kan lára àwọn ìlú tí afẹ́fẹ́ wọn dọ̀tí jù ní Amẹ́ríkà. Ní 1984, àjọ kan tí kì í ṣe ti ìjọba, Chattanooga Venture, ṣí ìjíròrò tó lé ní 1,700 ènìyàn wá sí, wọ́n sì fẹnu kò sórí àfojúsùn 40. Ilé ńlá tí wọ́n ti ń fi ẹja ààyè han àwọn àlejò ṣí létí odò ní 1992. Afárá Walnut Street àtijọ́ tí wọ́n ti tì pa fún ọkọ̀ di ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ní 1993. Ohun tó gbà mí lọ́kàn níbẹ̀ ni pé àjọ náà kò tú ká nígbà tí ìwé jáde. Ó dúró síbẹ̀ nígbà náà, ó ń bi àwọn aláṣẹ ní ibi tí iṣẹ́ dé, kó tó pé ọdún mẹ́wàá wọ́n sì tún pe aráàlú padà láti ṣe àtúnyẹ̀wò.

Ní ti ìwé náà, ẹ lè san owó fún olùdámọ̀ràn kó bá yín ya àwòrán, kó to ìṣirò, kó sì darí ìjíròrò níbi tí ìjà bá wà. Ẹ má fún un ní gbólóhùn àfojúsùn kọ. “Ìlú aláàfíà tó ń tẹ̀ síwájú fún gbogbo ènìyàn” kò ní ẹni tó máa ta kò ó, ìdí sì nìyẹn tí kò fi ní ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ bo orúkọ ìlú yín mọ́lẹ̀ nínú ìwé náà. Bí ó bá lè jẹ́ ti ìlú mìíràn, ẹ padà sídìí ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn sọ. Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó bóyá ó ran yín lọ́wọ́ láti kọ̀ fún ẹnì kan. Bí ilé iṣẹ́ kan bá fẹ́ wá kọ́lé síbi tí aráàlú ní àwọn fẹ́ kó wà ní ìgbẹ́, ṣé ìwé náà fún ìgbìmọ̀ ní ẹsẹ̀ láti sọ pé rárá? Níbi tí ẹnu kò bá ti kò, ẹ kọ ìyàtọ̀ náà sílẹ̀ ní gbangba. Mo ti rí i tí ìyàtọ̀ tí a kọ sílẹ̀ bọ̀wọ̀ fún ènìyàn ju ìṣọ̀kan tí a fi agbára lẹ̀ pọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ìsúná ló kù. Ní 1989 ni ìlú Porto Alegre ní Brazil bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn ará àdúgbò pinnu ibi tí apá kan nínú owó iṣẹ́ ìlú máa lọ, lọ́dọọdún. Kò dìgbà tí ẹ bá ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kàn rí i pé nínú ìsúná àkọ́kọ́ tó bá tẹ̀ lé ètò yín, iṣẹ́ kan wà tí ojú lè rí, tó ti ẹnu aráàlú wá, kí ẹ sì sọ fún wọn pé inú ọ̀rọ̀ wọn ló ti jáde. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ní oṣù ìdìbò, nítorí ẹgbẹ́ òṣèlú kan máa sọ ọ́ di tirẹ̀, èyí tó bá sì borí lẹ́yìn rẹ̀ máa dà á nù.

Bí àwọn ìgbìmọ̀ bá ní kí ẹ parí gbogbo rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ sọ fún wọn pé ọdún kan ni, ó kéré tán. Bí wọn ò bá sì fẹ́ kọ ohun tí wọ́n máa fi àbájáde rẹ̀ ṣe sílẹ̀, ẹ má tíì pe ìlú jọ.