Àwọn tó ń wo Style Network kọ́ ló pa á

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ béèrè ìdí tí wọ́n fi ti Style Network, ìkànnì tẹlifíṣọ̀n obìnrin ní Amẹ́ríkà, pa nígbà tí àwọn obìnrin ṣì ń wò ó, àti bóyá kí ẹ gbé ètò títún ilé ṣe tí ẹ ní lọ fún irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹ́dítọ̀ fídíò ni mí níbẹ̀, ètò àwọn ìkànnì obìnrin lórí kébù (tẹlifíṣọ̀n tí ilé kọ̀ọ̀kan ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù) ni mo ń gé jù. Ọ̀kan lára àwọn ìkànnì náà kú mọ́ wa lọ́wọ́ (Style kọ́ o), nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àgbọ́sọ lẹ́nu mi.

Ọdún 1998 ni Style jáde lára E!, ìkànnì ìròyìn àwọn gbajúmọ̀. Aṣọ, ìṣaralóge, ìgbéyàwó àti ilé ló ń bá kiri. Ètò Clean House ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká: Niecy Nash, olóòtú rẹ̀, á wọ ilé tí ẹrù ti gba gbogbo ilẹ̀, á fi ẹ̀fẹ̀ bá onílé wí títí onítọ̀hún á fi gbà kí wọ́n ta ẹrù náà, kí wọ́n wá tún ilé ṣe. Tèmi ni pé Style kò tún rí ètò tó dùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló pa á.

Oṣù Kìíní 2011 ni kí ẹ wò. Comcast, ilé iṣẹ́ kébù tó ni E! àti Style nígbà náà, gba NBCUniversal, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó ti ní ìkànnì Bravo àti Oxygen tẹ́lẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ṣe di ẹni tó ní ìkànnì mẹ́rin nìyẹn, tí gbogbo wọn ń du ojú àwọn obìnrin kan náà, tí wọ́n sì ń du owó ìpolówó kan náà. Ó ti hàn pé ọ̀kan máa lọ.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fẹ́ dá ìkànnì ọkùnrin sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ìwé ìròyìn Esquire. Àyè G4, ìkànnì géèmù fídíò tó jẹ́ tiwọn náà, ni wọ́n kọ́kọ́ sọ pé yóò gbà, ṣùgbọ́n DirecTV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sátẹ́láìtì, ti yọ G4 kúrò láti 2010, ilé tí Style ń wọ̀ sì pọ̀ ju tirẹ̀ lọ. Ilé iṣẹ́ kébù máa ń san owó lóṣooṣù fún ìkànnì lórí ilé kọ̀ọ̀kan, yálà wọ́n wò ó nínú ilé yẹn tàbí wọn kò wò ó. Iye ilé yẹn gan-an ni ọjà, ayálégbé lásán ni ètò inú rẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án 2013, wọ́n kéde pé Style ni yóò fún Esquire láyè. Nígbà tó di ọjọ́ 23 oṣù náà, Esquire ti wọlé. (Òun náà kò pẹ́: ó kúrò lórí kébù ní 2017. Ọdún yẹn náà ni Oxygen sọ ara rẹ̀ di ìkànnì ìtàn ọ̀daràn.)

Ní ti ìkànnì tó kú mọ́ wa lọ́wọ́, nínú ìròyìn ni a ti gbọ́. Ètò tí a ti gé parí wà nílẹ̀, kò jáde. A kò sì lè gbé e lọ síbòmíràn, torí ìwé àdéhùn sọ pé ìkànnì ló ni gbogbo rẹ̀. Èyí tó dùn mí jù ni pé ọjọ́ tí ètò bá jáde lórí afẹ́fẹ́ ni wọ́n so ìdá owó tó kẹ́yìn mọ́. Ọjọ́ náà kò dé. Ilé iṣẹ́ tó gbà wá síṣẹ́ sì fi ọwọ́ méjèèjì mú ìwé náà.

Nítorí náà, kí ẹ tó fi ẹnikẹ́ni síṣẹ́, ẹ wádìí ẹni tó ni ìkànnì náà àti àwọn ìkànnì mìíràn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí òmíràn nínú wọn bá ń ṣe irú ètò yín, ẹ ṣọ́ra. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ síwèé pé ọjọ́ tí ẹ bá fi iṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́ ni owó yóò pé, àti pé bí ètò kò bá jáde láàárín àsìkò tí ẹ jọ dá, ó padà di tiyín. Wọ́n máa jiyàn lórí kókó kejì yẹn gan-an. Ẹ lè dín owó díẹ̀ nítorí rẹ̀. Èmi ti ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà.