Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ẹnìkejì mi kéré sí mi lọ́jọ́ orí, òun ni wọ́n sì fi ṣe àgbà

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Òṣogbo ni mí, ọmọ ọdún 23. Míṣọ́nnárì ni mí ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lábẹ́ Ìjọ ti Jésù Krístì ti àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́ Ìkẹhìn. Oṣù keje mi rèé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá yìí ni wọ́n ṣí mi nípò lọ sí Preston. Ẹnìkejì mi tuntun, ìyẹn míṣọ́nnárì tí a jọ ń gbé tí a sì jọ ń ṣiṣẹ́, jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 19, òun sì ni wọ́n fi ṣe ẹnìkejì àgbà. Kì í kí mi láàárọ̀. Ọwọ́ òsì ló fi ń na nǹkan sí mi. Ó fẹsẹ̀ kọ lórí àtẹ̀gùn, mo ní “sorry”, ó ní kì í ṣe ẹ̀bi mi. Ó tún ní mi ò kì í wo ojú òun tí mo bá ń sọ̀rọ̀, pé ó dà bíi pé mò ń fi nǹkan pa mọ́. Tí mo bá se ọbẹ̀, aago èéfín inú ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Òtútù wọ̀ mí dé eegun, ilẹ̀ sì ń ṣú láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mi ò mọ ọ̀nà kankan, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mò ń tọ̀ kiri. Ṣé kí n bẹ ààrẹ míṣọ̀n, olórí àwa míṣọ́nnárì níbí, kó pààrọ̀ wa ni?
A. O., Preston

ÌDÁHÙN

A. O., ọmọ wa, o kú ìrọ́jú, o kú òtútù náà. Má tíì bẹ ààrẹ. Nínú gbogbo ohun tí o kọ, a ò rí ìwà ìkà kan níbẹ̀. Ohun tí a rí ni pé olúkúlùkù yín ń fi ẹ̀kọ́ ilé tirẹ̀ túmọ̀ ìwà ẹnìkejì. Àmọ́ bí ó bá gbé ọwọ́ sókè sí ọ, tàbí ó ń fi ọ́ sílẹ̀ ní ìwọ nìkan jáde lóru, tàbí èrò àtipa ara rẹ bá ń wá sí ọ lọ́kàn, ìyẹn kúrò ní ọ̀rọ̀ sùúrù. Pe ààrẹ lọ́jọ́ yẹn gan-an, tí ẹ̀mí bá sì wà nínú ewu, 999 ni kí o kọ́kọ́ tẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ àgbà, nítorí ibẹ̀ ló ta ọ́ lára jù. “Àgbà” tí wọ́n fi ṣe é kò bá ọjọ́ orí tan. Òun ni wọ́n máa bi léèrè bí nǹkan ẹ́ríà náà (àdúgbò tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́) bá wọ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. “Elder” tó ṣáájú orúkọ ẹ̀yin méjèèjì, oyè kan náà ni. Tí ó bá sì fi oyè yẹn pe orúkọ bàbá rẹ, ó gbà pé òun ti bọ̀wọ̀ fún ọ tán, torí pé orúkọ àbísọ lásán ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pe ara wọn nílé. Ọwọ́ òsì kò ní ìtumọ̀ kankan lọ́dọ̀ wọn. Ọmọ wọn a máa fi òsì na síbí sí bàbá rẹ̀ nídìí oúnjẹ, ẹnikẹ́ni kò ní bá a wí. Ti ojú ńkọ́? Níbi tí wọ́n ti tọ́ ọ, ọmọ tó ń wo àgbà lójú kòrókòró ni aláfojúdi. Níbi tí wọ́n ti tọ́ òun, ẹni tí kò lè wo ni lójú ni wọ́n ń fura sí. “Sorry” tí o sọ, pẹ̀lẹ́ ló wà lọ́kàn rẹ, ẹ̀bẹ̀ ẹni tó jẹ̀bi ló gbọ́. Gẹ̀ẹ́sì kò ní ọ̀rọ̀ kan tó ṣe déédéé pẹ̀lú pẹ̀lẹ́. “Are you okay?” ni kí o máa sọ fún un.

Ohun tó máa ń ba ọ̀rọ̀ báyìí jẹ́ jù ni fífajúro. Láàárín wa, ẹni tó bá fajúro láti àárọ̀ ti sọ̀rọ̀, àwọn ará ilé á bi í pé kí ló dé. Ọmọ yìí á rò pé orí ń fọ́ ọ, á sì fi ọ́ sílẹ̀ kí o lè sinmi. Ìwọ á wá rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Tí ó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, ẹ ò ní bá ara yín sọ̀rọ̀ mọ́ àfi ti iṣẹ́.

Nítorí náà, fi ẹnu sọ ọ́. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá ń ṣètò ọ̀sẹ̀, àkókò kan wà níbẹ̀ tí ìlànà yín yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀yin méjèèjì láti jíròrò bí ẹ ṣe ń gbé pọ̀. Ojú máa ń ti àwọn míṣọ́nnárì, wọ́n á sì sáré kọjá lórí rẹ̀. Fi 20 ìṣẹ́jú sí i. Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ béèrè: “Kí ni mò ń ṣe tó ń ni ọ́ lára?” Jẹ́ kó sọ ọ́ tán, má ṣàwíjàre, kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, sọ tìrẹ, àmọ́ má sọ ju nǹkan mẹ́ta lọ. Tí o bá ka mẹ́wàá sílẹ̀ fún un, á gbà pé o kórìíra òun ni. Sọ bí nǹkan ṣe rí nílé wa, lẹ́yìn náà ohun tí o fẹ́: “Nílé wa, ẹni tó bá jí tí kò kí ẹnìkejì ń bá a jà ni. Jọ̀ọ́, máa kí mi kí a tó ṣe ohunkóhun láàárọ̀.” Ìyẹn ti tó. Má sọ ọ́ lójú títì nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ yín lójú, má sì gbé e lọ bá olórí dísítíríkì (míṣọ́nnárì tó ń ṣáájú ẹgbẹ́ yín) kí ẹnìkejì rẹ fúnra rẹ̀ tó gbọ́ ọ.

Ó wá kan ọ̀nà tí o kò mọ̀. Èyí ká wa lára ju ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì lọ. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́fà ni tiránsífà, ìyẹn ìṣípòpadà, ń dé. Ó lè jẹ́ òun ni wọ́n máa gbé lọ, kí ẹni tuntun wọlé wá bá ọ, kí ìwọ di àgbà fún un. Bí o bá ń tọ ẹ̀yìn rẹ̀ bíi báàgì títí di ọjọ́ yẹn, ẹ ó di afọ́jú méjì nínú ìlú kan náà.

Ya ìlú náà pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ sórí pépà: ilé yín, ilé ìjọsìn, ibùdókọ̀ ńlá, ibùdó ọkọ̀ ojú irin, odò Ribble, àti ilé ẹni kọ̀ọ̀kan tí ẹ ń kọ́. Láàárọ̀, sọ fún un pé ìwọ ni wàá ṣáájú lọ sí ibi àkọ́kọ́, kí fóònù wà lápò. Kó má tọ́ ọ sọ́nà àfi tí o bá ti ṣìnà kọjá igun méjì. Ibi téèyàn bá ti ṣìnà kì í gbàgbé mọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kó di ibi méjì lóòjọ́. Nírọ̀lẹ́, ka àkọsílẹ̀ àwọn èèyàn ẹ́ríà náà nínú fóònù yín, kí o sì bi í ní ohun tí kò sí níbẹ̀: ilé wo ló lájá? Ta ló ń ṣiṣẹ́ òru tí a kò gbọ́dọ̀ kanlẹ̀kùn rẹ̀ láàárọ̀? Ọkọ ta ni kò fẹ́ rí wa? Orí ni wọ́n ń gbé irú èyí sí, wọn kì í kọ ọ́, ó sì ń bá wọn wọkọ̀ lọ lọ́jọ́ tiránsífà. Bákan náà, kó mú ọ yí ilé ká: ibi tí wọ́n ti ń pa omi, ibi tí fíúsì wà, àti ẹ̀rọ tó ń gbóná omi àti yàrá. Ojú wíwọ̀n kékeré kan wà lára ẹ̀rọ náà. Tí ẹ̀rọ bá tutù, ọwọ́ rẹ̀ yẹ kó wà láàárín 1 sí 1.5. Tó bá ti wálẹ̀ gan-an sísàlẹ̀ 1, ẹ̀rọ lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́, ẹ sì lè sùn nínú òtútù nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó ń bójú tó ilé ló yẹ kí ẹ pè.

Nígbà tí a dárúkọ Ribble: àwọn tó kọ́kọ́ gbé ìwàásù ìjọ yín dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1837, láti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wọkọ̀ ojú omi wá, Preston ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀. Nínú odò yẹn ni wọ́n ti ṣèrìbọmi àkọ́kọ́ lóṣù Keje ọdún náà. Ẹ jọ lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ ìmúrasílẹ̀ kan, ọjọ́ tí ẹ fi ń ṣe nǹkan ti ara yín lọ́sẹ̀. Ó dára kí ẹ ní ohun kan tí ẹ jọ fẹ́ràn tí kì í ṣe iṣẹ́.

Òtútù: aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ara ni kó kọ́kọ́ wà lábẹ́, kí súwẹ́tà onírun àgùntàn tẹ̀ lé e, kí kóòtù tí omi kì í wọ̀ wá lókè. Má wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì sínú bàtà tó há. Ẹsẹ̀ tí bàtà fún pa máa ń tutù jù, torí ẹ̀jẹ̀ kò ráyè rìn níbẹ̀. Bàtà aláwọ tó bá rẹ, fi ìwé ìròyìn sínú rẹ̀, má gbé e lé ẹ̀rọ amúlémóoru, awọ á sán. Ti òkùnkùn, nínú oṣù Kejìlá, oòrùn Preston á ti wọ̀ kí aago mẹ́rin tó lù. Ìjọba ibẹ̀ gba gbogbo èèyàn nímọ̀ràn láti lo 10 máíkírógíráàmù fítámì D lóòjọ́ ní ìgbà ọyẹ́, wọ́n sì ní kí àwọn aláwọ̀ dúdú rò ó láti máa lò ó yípo ọdún. Ó wà ní ilé ìtajà oògùn gbogbo, kò wọ́n. Ìrẹ̀wẹ̀sì tó ń bá ọ láti ìgbà tí o ti débẹ̀, má gbé gbogbo rẹ̀ lé ẹnìkejì rẹ lórí. Àìrí oòrùn wà nínú rẹ̀.

Ti ọbẹ̀, ata kọ́ ló ń mú aago ké, epo gbígbóná ni. Tẹ́ẹ bá ti ń bu epo sí ìkòkò kó tó kan ata tútù, èéfín dé nìyẹn. Lọ tàtàṣé mẹ́rin (ata ńlá pupa tí kì í ta, tí wọ́n ń tà níbẹ̀, ṣe é fi dípò rẹ̀) àti àlùbọ́sà méjì. Gbé e kaná láìsí epo, dé e, jẹ́ kó hó fún 20 sí 25 ìṣẹ́jú títí omi rẹ̀ á fi gbẹ. Bu ti ẹnìkejì rẹ sọ́tọ̀, kí o tó wá fi rodo méjì tó o ti lọ̀ sí tìrẹ, kí epo tẹ̀ lé e lórí iná kékeré. Ṣí fèrèsé, ti ilẹ̀kùn kíṣìnnì. Má yọ bátìrì aago náà láé, ẹ̀mí ẹni méjì ló ń ṣọ́.

ÌBÉÈRÈ

Ọmọ mi obìnrin wà ní míṣọ̀n ní London. Láti ìgbà tí wọ́n ti yí i lọ sí àdúgbò mìíràn, ẹkún ló ń sun tó bá pè mí lórí fídíò. Ṣé kí n ní kó máa bọ̀ nílé?
Ìyá kan, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN

Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Láti 2019 ni ìjọ náà ti gbà kí wọ́n máa pe ilé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ̀yin sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń fi ẹkún náà pa mọ́ dè. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìṣípòpadà ló máa ń le jù. Ẹ bi í nípa oorun, oúnjẹ, àti orúkọ ẹnìkejì rẹ̀. Ẹ ní kó sọ ohun tó ṣe lọ́jọ́ Ọjọ́rú láti àárọ̀ dalẹ́. Tí kò bá rí oorun sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mọ́, tàbí tó ní ayé sú òun, ẹ ní kó sọ fún ààrẹ míṣọ̀n àti ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kan náà, kí ẹ̀yin náà sì sọ fún bíṣọ́ọ̀bù yín nílé. Wọ́n lè wá olùdámọ̀ràn fún un. Tí kò bá sí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, ẹ jẹ́ kó sunkún tán, kí ẹ wá ki oríkì rẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ owó ilé àti àìsàn ẹbí lè dúró.

Ohun kan kù. Ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá ni wọ́n ń dá aago ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì padà sẹ́yìn. Tó bá jẹ́ aago 11 ló ti ń pè yín tẹ́lẹ̀, aago 12 ni yóò máa bọ́ sí lọ́dọ̀ yín títí di ìparí oṣù Kẹta. Tí 11 bá kọjá tí fóònù kò dún, ẹ má jẹ́ kí àyà yín já.