Ẹ Bi Nọ́ọ̀sì Léèrè: Ṣé káàdì ìnṣọ́ránsì ìlera yìí ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ata ni mò ń tà ní Bódìjà, ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Lóṣù tó kọjá ibà mú àbíkẹ́yìn mi lóru, kò pẹ́ ni gìrì gbé e, ọsibítù tá a sáré gbé e lọ ní ká lọ mú dìpọ́sítì wá ká tó rí bẹ́ẹ̀dì, owó tí mo fẹ́ fi ra ata lọ́jọ́ kejì ló lọ síbẹ̀, owó àjọ mi náà tẹ̀lé e. Ara ọmọ ti yá, mo dúpẹ́, àmọ́ ọjà mi ò tíì gbérí. Àwọn kan wá bá wa lọ́jà pé ká forúkọ sílẹ̀ fún ìnṣọ́ránsì ìlera ìjọba. Ẹni tó ń ta àlùbọ́sà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ká má dá wọn lóhùn, òun ní káàdì ẹ̀, pánádóò nìkan ni wọ́n ń fún òun. Ṣé kí n ṣe é ni àbí kí n máa dá àjọ mi lọ? – Ìyá Alátà, Ìbàdàn

Ìyá Alátà mi, ẹ kú ọjà, ẹ kú ewu ọmọ o, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́. Ẹ ṣe é. Kẹ́ ẹ sì máa dá àjọ yín lọ, torí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ò jọra.

Nínú àjọ, iye tẹ́ ẹ bá dá lẹ máa kó. Tẹ́ ẹ bá ń dá ẹgbẹ̀rún méjì lóṣù tí gìrì wá gbé ọmọ lóṣù kẹta, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ló wà nílẹ̀, dókítà ò sì ní tìtorí pé iye tẹ́ ẹ rí dá nìyẹn kó ní kẹ́ ẹ mú un wá bẹ́ẹ̀. Ti ìnṣọ́ránsì, gbogbo wa la jọ ń dá a, ẹni tí àìsàn bá kàn ló ń ná an. Tí ara yín bá le láti January dé December, owó yín ti bá ẹlòmíì wo ọmọ ẹ̀ nìyẹn, ẹ má kà á sí òfò o, torí lọ́dún tó bá kàn yín, owó tiwọn náà ló máa gbà yín.

Ọ̀rọ̀ alálùbọ́sà wá ńkọ́? Kò purọ́. Mo ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì mọ ibi tí pánádóò yẹn ti ń wá. Ọsibítù tẹ́ ẹ bá yàn lọ́jọ́ tẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀, wọ́n máa ń san owó táṣẹ́rẹ́ kan fún un lórí yín lóṣooṣù, ẹ ṣàìsàn o, ẹ ò ṣàìsàn o, kapitéṣọ̀n ni wọ́n ń pè é. Ọsibítù tó lẹ́rìí ọkàn máa ń fi ti àwọn tí ò wá tọ́jú àwọn tó wá. Èyí tó lójúkòkòrò ti mọ̀ pé èyí tóun ò bá ná lórí yín, tòun ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé ọsibítù tẹ́ ẹ bá yàn ṣe pàtàkì ju káàdì fúnra ẹ̀ lọ, àwọn èèyàn wa á kàn tọ́ka sí èyí tó sún mọ́ ilé, ó parí.

Kí àbúrò mi tó forúkọ sílẹ̀, mo lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú fèrèsé tí wọ́n ti ń gba oògùn ní ọsibítù kan, bíi wákàtí méjì, mo ṣe bí ẹni tó ń dúró de èèyàn. Obìnrin kan kúrò nídìí fèrèsé, ó gbé ọmọ pọ̀n, ìwé pélébé kan wà lọ́wọ́ ẹ̀, oògùn mẹ́rin ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹyọ kan ni wọ́n fi bírò sàmì sí, wọ́n ní kó lọ ra mẹ́ta tó kù níta. Èyí tó tẹ̀lé e, bákan náà. Mo dìde, mo lọ sí ọsibítù kejì. Níbẹ̀, ẹni mẹ́fà ni mo bi léèrè, márùn-ún ló gba oògùn ẹ̀ pé, ibẹ̀ la kọ orúkọ àbúrò mi sí. Ẹ̀yin náà ẹ lọ jókòó bẹ́ẹ̀, láàárọ̀ Monday tí èrò máa ń pọ̀. Kẹ́ ẹ sì sọ fún alálùbọ́sà pé ó lè lọ sí ọ́fíìsì wọn pé òun fẹ́ pààrọ̀ ọsibítù.

Ní Ọ̀yọ́, OYSHIA, iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ìnṣọ́ránsì ìlera, ló ń bójú tó o. Ẹ wá iye owó ẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì wọn fúnra yín, ẹ gba rìsíìtì, ẹ má kó owó fún ẹnikẹ́ni tó bá gbé nótíbúùkù wọjà. Ẹ ní kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ àìsàn tó wà nínú ẹ̀ àtèyí tí ò sí nínú ẹ̀ hàn yín. Ẹ má sì gbé káàdì yẹn lọ ọsibítù ńlá bí UCH tààrà o, ọsibítù tẹ́ ẹ yàn ló máa kọ́kọ́ wò yín, tó bá ju agbára wọn lọ, wọ́n á gba kóòdù láti fi yín ránṣẹ́, àfi tó bá jẹ́ pàjáwìrì.

Kẹ́ ẹ tó sanwó rárá sha, tí àbíkẹ́yìn yẹn ò bá tíì pé ọdún márùn-ún, ẹ béèrè ní health centre wọ́ọ̀dù yín bóyá ó lè wọ ètò náà lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin ìlera ọdún 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán 1% nínú owó tó ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún ètò ìlera ìpìlẹ̀, ìdajì ẹ̀ sì wà fún ìnṣọ́ránsì àwọn tí ò lówó lọ́wọ́, aláboyún, ọmọ kékeré, àgbàlagbà. Owó yín ni, ẹ má tijú béèrè.

Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ gbá àbúrò mi tó ń gun ọ̀kadà, ẹ̀jẹ̀ ń dà lórí ẹ̀, nọ́ọ̀sì ní àfi ká san dìpọ́sítì ká sì mú ìwé ọlọ́pàá wá. Ṣé òfin gbà wọ́n láyè? – Sàngó Ọ̀tà

Rárá o, ó sì dùn mí pé ẹni tá a jọ kọ́ iṣẹ́ kan náà ló sọ bẹ́ẹ̀. Òfin 2014 yẹn kan náà, ẹsẹ 20, sọ pé dókítà, nọ́ọ̀sì tàbí ọsibítù kankan ò gbọdọ̀ kọ pàjáwìrì, ẹni tó bá kọ̀ ọ́, ₦100,000 ni fáìnì ẹ̀ tàbí ẹ̀wọ̀n tí ò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì. Ìwé ọlọ́pàá tí wọ́n ń wí, ẹni tí ìbọn bà gan-an, òfin ọdún 2017 ní kí wọ́n tọ́jú ẹ̀ láì béèrè ìwé, áńbọ̀sìbọ́sí ẹni tí ọkọ̀ gbá. Ẹ béèrè matron tàbí dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé pàjáwìrì ni, ẹ dárúkọ òfin yẹn, kẹ́ ẹ kọ aago tẹ́ ẹ dé síwèé. Wọ́n máa gbowó iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe o, òfin ò sọ pé ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá dúró.

London ni mo wà mà, bàbá àti màmá mi wà n'Íjẹ̀bú, àwọn méjèèjì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣé mo lè sanwó ìnṣọ́ránsì fún wọn láti ibí?

Ẹ lè san án. Kẹ́ ẹ tó san án, ẹ ní kí wọ́n ka orúkọ oògùn tí wọ́n ń lò sí yín lórí fóònù látara páálí ẹ̀, kẹ́ ẹ béèrè bóyá ó wà nínú àkọsílẹ̀ oògùn tí ìnṣọ́ránsì náà ń san, torí ojoojúmọ́ ni wọ́n á máa lò ó. Àwọn fúnra wọn ló máa lọ ya fọ́tò kí wọ́n sì mú NIN dání, torí náà ẹ wá ẹnì kan ládùúgbò tó máa tẹ̀lé wọn lọ, kẹ́ ẹ fi owó ọkọ̀ ẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú.