Ṣé inú iṣẹ́ ìjọba nìkan ni ìfọ̀kànbalẹ̀ wà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ òfì ni mò ń hun ní Ìlọrin, mo sì ti gba òmìnira. Bí Iléyà tàbí Dìsẹ́ńbà bá ń bọ̀, owó máa ń wọlé dáadáa. Lẹ́yìn rẹ̀, iṣẹ́ lè dá fún oṣù méjì. Àwọn òbí àfẹ́sọ́nà mi ní àfi kí n wá iṣẹ́ ìjọba kí wọ́n tó fún mi lọ́mọ. Ṣé kí n fi òfì sílẹ̀? (Ahunṣọ, Ìlọrin)

ÌDÁHÙN: Ẹ má bínú sí wọn. Wọn kò fẹ́ kí ebi pa ọmọ wọn ni. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ń rí nínú iṣẹ́ ìjọba: owó oṣù, ìtọ́jú àìsàn, àti owó ọjọ́ ogbó. Ẹ lè ti ìdí òfì ṣètò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí kò tilẹ̀ rọrùn.

Owó oṣù ló le jù. Ẹ kọ gbogbo ohun tó wọlé láàárín oṣù 12 sílẹ̀, kí ẹ yọ owó òwú àti owó ọmọ iṣẹ́ kúrò. Ká ní ó ku 960,000 náírà, 80,000 ló bọ́ sí oṣù kan. Ẹ má san 80,000 fún ara yín o! 60,000 ni kí ẹ máa san, kí ìyókù dúró de oṣù tí iṣẹ́ bá dá. Ẹ ṣí àkáǹtì méjì: owó oníbàárà ń wọ ọ̀kan, ẹ sì ń fi owó oṣù ránṣẹ́ láti ibẹ̀ sí èkejì, lọ́jọ́ kan náà lóṣooṣù. Ìgbà tí owó ọdún bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀.

Àṣansílẹ̀ ló máa ń ba ètò yìí jẹ́. Wọ́n á fi owó oníbàárà ra àgbò, wọ́n á wá fi owó ẹlòmíì ra òwú ti ẹni àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ti wọ inú ìyẹn, ó ṣòro kó tó jáde. Ọjọ́ tí àṣansílẹ̀ bá wọlé ni kí ẹ ra òwú iṣẹ́ náà, kí ẹ kó o sínú àpò kan, kí ẹ sì kọ orúkọ oníbàárà sí i lára.

Ní ti àìsàn, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ Kwara. Ẹ bèèrè ilé ìwòsàn tí wọ́n máa kọ yín sí kí ẹ tó sanwó.

Ní ti owó ọjọ́ ogbó, lábẹ́ òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014, òṣìṣẹ́ ń dá náírà 8 nínú 100 owó oṣù rẹ̀, agbanisíṣẹ́ ń fi 10 kún un. Kò sẹ́ni tó máa bá yín dá 10 yẹn, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa dá 18: nínú 60,000, ó jẹ́ 10,800 lóṣù. Láti 2019 ni ètò ti wà fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ara wọn. Bí owó bá ṣe wọlé lẹ ó máa san án. Ilé iṣẹ́ tí PenCom, àjọ ìjọba tó ń mójú tó owó ìfẹ̀yìntì, fún níwèé àṣẹ nìkan ni kí ẹ bá ṣe é.

Bí ìwé ìṣirò yín bá ti pé oṣù mẹ́fà, ẹ mú un lọ han àwọn àna yín.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá mi fẹ́ ta ilẹ̀ kan kí wọ́n lè fún ọkùnrin tó ní òun máa bá mi wá iṣẹ́ ìjọba. (Ọmọ Ọ̀fà)

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má tà á. Ìjọba kì í ta iṣẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni fún ẹni tó san owó náà àti ẹni tó gbà á. Bí ọkùnrin náà bá sá lọ, ta ni bàbá yín fẹ́ lọ fẹjọ́ sùn?