Ikán ti gun ara férémù ilẹ̀kùn mi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní ilé wa n'Íbàdàn, mo rí ilà amọ̀ kan tó gun ògiri dé férémù ilẹ̀kùn. Mo da kẹrosíìnì sí i, ó tún padà wá. Ṣọ́ọ̀bù mi wà níwájú ilé náà, ẹ̀rù ń bà mí.

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ikán ni lóòótọ́. Inú ilà yẹn ni wọ́n ń gbà jáde látilẹ̀ kí ara wọn má baà gbẹ, èyí tí kẹrosíìnì bá sì kàn nìkan ló ń kú, ìyá wọn ṣì wà lábẹ́lẹ̀ tó ń yé ẹyin, kẹrosíìnì sì tún lè gbaná, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dà á mọ́. Ẹ gbá pákó yẹn wò, tó bá dún bíi nǹkan tó ṣófo, wọ́n ti jẹ inú ẹ̀. Ẹ yẹ orí sílìn wò náà. Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ gbé páálí kúrò nílẹ̀ àti lára ògiri, wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Ẹ wá ẹni tó mọṣẹ́ kó gbẹ́lẹ̀ yí ìpìlẹ̀ ká, kó da oògùn bíi fipronil sí i, àmọ́ tí kànga bá wà nítòsí ẹ tètè sọ fún un o, kí oògùn má baà wọ inú omi. Páìpù tó bá ń jò, ẹ tún un ṣe, torí ikán fẹ́ràn ibi tó bá tutù.